Ìnáwó Tó Ń Mówó Wọlé

Nínú èdè wa, ìnáwó ni a ń pe àríyá. Ẹni tó fẹ́ sìnkú bàbá rẹ̀ tàbí tó fẹ́ gbé ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ a ní òun fẹ́ náwó, àwọn tó bá wá bá a ṣe é a sì ní ibi ìnáwó ni àwọn ti ń bọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé èló ló kù sọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, torí gbogbo wa la mọ̀ pé kò sí nǹkan kan tó kù. Ọkàn yìí ni mo gbé wọ gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, nígbà tí èmi àti àwọn aládùúgbò mi kọ́kọ́ se oúnjẹ alẹ́ láti fi kó owó jọ. Díẹ̀ ló kù kí ọkàn náà ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìjọ ló ni gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò ló ń lò ó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ tí olùkọ́ ní kí wọ́n ṣe wá láti ilé, nítorí pé yàrá kan ṣoṣo ni àwọn mìíràn nínú wọn ń gbé pẹ̀lú òbí àti àbúrò, tí kò sì sí tábìlì tí wọ́n lè gbé ìwé lé. Àwọn olùkọ́ méjì tó ti fẹ̀yìn tì àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mélòó kan ló ń jókòó tì wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru dákẹ́, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kóòtù ṣe ìṣirò, ọmọkùnrin kan sì gé orí ìka ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kúrò kó lè di bírò mú. Ẹni tó wá yẹ ẹ̀rọ náà wò sọ pé pípààrọ̀ rẹ̀ yóò gba pọ́n-ùn 2,350. Ìjọ kò ní in. Àwa náà kò ní in.

Ìyá àgbà kan tí wọ́n bí ní Jamaica, tó ti pẹ́ ní àdúgbò náà ju ẹnikẹ́ni nínú wa lọ, ló dá àbá pé kí a dáná. Supper club ni wọ́n ń pè é ní Lọ́ńdọ̀nù níbí: ẹnìkan á sọ pálọ̀ rẹ̀ tàbí gbọ̀ngàn tó yá di ilé oúnjẹ fún alẹ́ ọjọ́ kan, àwọn tí kò mọ ara wọn rí á jókòó yí tábìlì kan ká, ohun tí alásè bá sè ni wọ́n á jẹ, iye kan náà ni gbogbo wọn á sì san. Àwọn kan ń fi ṣòwò. Àwọn mìíràn ń fi èrè rẹ̀ gbé ilé ìkàwé àdúgbò ró, tàbí ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún aláìní. Ìyá àgbà ní ẹni tó bá lè ṣe pardner kò ní ṣàìlè ṣe èyí. Pardner ni àwọn ará Jamaica ń pe àjọ, òun sì ni púpọ̀ nínú àwọn tó ti Karibíánì wá fi ra ilé àkọ́kọ́ wọn nígbà tí báǹkì kò fẹ́ yá wọn lówó. Sou-sou ni ti àwọn ará Trinidad, ó sì ṣòro kí ọmọ Yorùbá gbọ́ orúkọ yẹn kó má rántí èésú. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ àjọ báyìí ni ara mi yá gágá, mo ní kí wọ́n fi ìdáná sílẹ̀ fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà.

Mo se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, mo se ìrẹsì díndín, mo se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje, mo din ẹran ewúrẹ́, mo din ẹja, mo ro ẹ̀fọ́, mo din dòdò, mo sì tún bẹ ọ̀rẹ́ mi kan kó bá mi gún iyán díẹ̀ nítorí àwọn àgbàlagbà. Ènìyàn 46 san pọ́n-ùn 10 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn tó jẹun lé ní 60, nítorí pé ẹni tí a pè tún pe ẹlòmíràn, èmi kò sì mọ bí mo ṣe lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n sọ fún àlejò tó ti gbóòórùn ọbẹ̀ pé kó padà. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, ike bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú báàgì. Ẹ̀yin náà mọ ike tí mo ń wí, ike áísìkiriìmù àtijọ́ tó ti rin ìrìn àjò lọ sí òde ìnáwó ogún. Àwọn ènìyàn ń dúpẹ́, wọ́n ń súre, wọ́n ń gbé ẹran lọ sílé. Nígbà tí a yọ owó ọjà, owó gáàsì àti ti àwo kúrò, pọ́n-ùn 41 ló kù nínú 460.

Ìyá àgbà kò bá mi wí lójú àwọn èèyàn. Ìgbà tí a ń fọ ìkòkò ló tó bi mí pé, “Ọmọ mi, ta lo sè fún lónìí, àwọn ọmọ ni àbí orúkọ rẹ?” N kò rí èsì fọ̀. Òun náà ló sọ ìtàn Georgia Gilmore fún mi lẹ́bàá síńkì yẹn, mo sì ti lọ kà nípa rẹ̀ títí láti ìgbà náà.

Alásè ni Gilmore ní ìlú Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, ó tún jẹ́ agbẹ̀bí, ó sì ní ọmọ púpọ̀ tó ń dá bọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1955, wọ́n mú Rosa Parks nítorí pé ó kọ̀ láti dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà ṣíwọ́ wíwọ bọ́ọ̀sì, ó sì di ọjọ́ 381 kí wọ́n tó padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wọ bọ́ọ̀sì ṣì ní láti dé ibi iṣẹ́. Wọ́n ṣètò ọkọ̀ tí yóò máa gbé èrò lọ gbé èrò bọ̀, ọkọ̀ sì ń mu epo, ó ń jẹ táyà, kò sì sí èyí tí wọ́n ń fi ẹnu lásán rà níbẹ̀. Gilmore bá kó àwọn obìnrin jọ, tó jẹ́ pé ilé àwọn òyìnbó ni púpọ̀ nínú wọn ti ń ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ tàbí alásè. Wọ́n din adìẹ, wọ́n din ẹja, wọ́n yan kéèkì àti páì ọ̀dùnkún, wọ́n gbé e lọ síbi ìpàdé ìjà bọ́ọ̀sì náà, wọ́n gbé e dé ilé onídìrí, wọ́n sì ń tà á láti ojúlé dé ojúlé.

Orúkọ tí wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn ni Club from Nowhere, ẹgbẹ́ tí kò ti ibì kankan wá. Ọgbọ́n ńlá ló wà nínú orúkọ yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi àwọn aṣáájú pé ibo ni owó ti wá, wọ́n lè dáhùn láìpurọ́ pé kò ti ibì kankan wá. Obìnrin tí ọ̀gá rẹ̀ bá gbọ́ pé ó lọ́wọ́ sí ìjà bọ́ọ̀sì lè má rí iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Òyìnbó tó bá sì ra kéèkì nítorí pé ọ̀ràn náà dùn ún kò ní fẹ́ kí òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀. Gilmore nìkan ló mọ ẹni tó sè àti ẹni tó rà. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn èrò bá pé jọ sí ìpàdé ńlá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Gilmore á bọ́ síwájú, á kéde iye tí ẹgbẹ́ òun mú wá, gbogbo ilé á sì dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Kò pẹ́ tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Inez Ricks fi dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní apá ibòmíràn nínú ìlú náà, ó pè é ní Friendly Club, àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn du ipò ẹni tí owó rẹ̀ yóò pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n pe Martin Luther King, aṣáájú ìjà bọ́ọ̀sì náà, lẹ́jọ́ ní ọdún 1956, Gilmore lọ jẹ́rìí, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. King ló gbà á níyànjú pé kó máa dáná tà nínú ilé ara rẹ̀, ìdáná yẹn sì di ibi tí King àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń jẹun tí wọ́n ti ń gbìmọ̀. Ọdún 1990 ni Gilmore kú, ìkòkò kò sì kúrò lórí iná rẹ̀ títí di ìgbà náà.

Ohun tó gba oorun lójú mi nínú ìtàn yìí ni pé iye owó ni wọ́n ń kéde, wọn kì í kéde ẹni tó mú un wá. Tiwa kì í rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń kówó jọ nílé, aṣètò á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á ní Olóyè báyìí àti ìyàwó wọn ti fi mílíọ̀nù kan sílẹ̀, onílù á kọjú sí Olóyè, Olóyè á fi ìrùkẹ̀rẹ̀ dáhùn. Orúkọ gbogbo ẹni tó dáwó la ó gbọ́, láti orí alága dórí ẹni tó mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún wá. Ṣùgbọ́n àròpọ̀ owó ọjọ́ náà, ta ló máa ń gbọ́ ọ? Ta ló sì ń padà wá sọ pé mílíọ̀nù tí a lulù fún lọ́jọ́sí kò tíì dé báǹkì? N kò ní kí á pa á tì o. Gbọ̀ngàn ìlú àti ilé ẹ̀kọ́ tí irú ìlù bẹ́ẹ̀ kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá kò níye, ẹni tí ìyìn ń mú nawọ́ ni kí á sì yìn. Ṣùgbọ́n ní gbọ̀ngàn Peckham, ẹni tó ń gbowó oṣù tó jọjú ń jókòó ti ẹni tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ọ̀fẹ́ ló ti rí ohun tó jẹ lọ́sẹ̀ yẹn. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Bí a bá sọ orúkọ ẹni tó mú ọgọ́rùn-ún wá, a ti sọ orúkọ ẹni tí kò mú nǹkan kan wá náà nìyẹn, kò sì ní padà wá lóṣù tó ń bọ̀.

Ní oṣù kejìlá, a yí ètò padà. A kò gba owó lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń gba àpòòwé kan, gbogbo wọn ló sì ń dá a padà sínú àpótí kan náà nígbà tí wọ́n bá jẹun tán, ìbáà ní owó nínú, ìbáà ṣófo. A kọ ọ́ sára ògiri pé pọ́n-ùn 10 ni a rò pé ó tọ́, ẹni tó bá ní jù bẹ́ẹ̀ kó fi kún un, ẹni tí kò bá ní kó lẹ àpòòwé rẹ̀ pa bíi ti àwọn yòókù. Nígbà tí a bá kó àwo kúrò, ènìyàn méjì á tú àpótí sórí tábìlì lójú gbogbo èèyàn, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ wá. Ohun mẹ́ta la ń kọ sójú pátákó: iye tó wọlé, iye tí a fi ra ọjà pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀, àti iye tó kù. Àpòòwé tó ṣófo, a kì í kà á. Kò sí ẹni tó ń lọ sílé kí wọ́n tó kọ iye yẹn, àwọn ọmọ sì máa ń pariwo bí ẹni pé bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n.

Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀ tí akápò ìjọ là wá lọ́yẹ̀ lé lórí. Ní Britain, bí ẹni tó ń san owó orí bá fi owó ta ẹgbẹ́ aláàánú lọ́rẹ, tó sì fọwọ́ sí ìwé, ìjọba á fi pẹ́ńsì 25 kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní Gift Aid. Ṣùgbọ́n owó tí èèyàn fi ra oúnjẹ kì í ṣe ọrẹ, kò sì sí nínú ètò náà, ẹgbẹ́ tó bá da méjèèjì pọ̀ ń fa wàhálà sọ́rùn ara rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ta ìjọ lọ́rẹ nítorí ẹ̀rọ náà, yàtọ̀ sí ti oúnjẹ, ń gba fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lọ́dọ̀ akápò, kì í gba ọ̀dọ̀ wa kọjá.

Ti oúnjẹ fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù láti sọ. Ìkòkò kan ni a ń gbé kaná báyìí. Ní oṣù kejìlá, àsáró ni. Àbúrò mi obìnrin gbọ́ ọ lórí fóònù láti Ìbàdàn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, àsáró fún àlejò? Ẹ má jẹ́ kí àwọn ará ilé gbọ́ o.” Iṣu, epo pupa, ata rodo, tàtàṣé, àlùbọ́sà, ẹja gbígbẹ díẹ̀, àti ẹ̀fọ́ tí a ro sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọjà Rye Lane ni mo ti rà á, mo sì nájà débi tí oníṣu fi ní kí n máa lọ pẹ̀lú àlàáfíà. Ènìyàn 58 jẹ ẹ́, pọ́n-ùn 131 la ná, 612 ló jáde láti inú àpòòwé, 481 sì kù. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ̀wà àti ata díndín pẹ̀lú dòdò àti búrẹ́dì. Ọkùnrin ará Poland kan tí kò jẹ irú rẹ̀ rí bu ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. A kò gba ike mọ́. Bí oúnjẹ bá kù, gbogbo èèyàn ló ń padà bù sí i títí ìkòkò á fi gbẹ, èyí sì jẹ́ kí wọ́n pẹ́ lórí ìjókòó, kí wọ́n sì túbọ̀ mọ ara wọn.

Ẹ má rò pé ẹnikẹ́ni kàn lè gbé ìkòkò síta ní ìlú yìí. Ẹni tí yóò bá máa dáná fún ará ìlú déédéé ní láti fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, ó kéré tán ọjọ́ 28 ṣáájú, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Oúnjẹ gbígbóná kò gbọ́dọ̀ tutù ju ìwọ̀n 63 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ nígbà tó bá ń dúró de àwọn tí yóò jẹ ẹ́. Ìrẹsì ló sì léwu jù nínú ohun tí àwa ń sè, nítorí pé kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú rẹ̀ tí sísè kì í pa tán, tó sì ń gbèrú bí ìrẹsì bá pẹ́ nínú kúlà tí kò gbóná tó. Mo rántí gbogbo kúlà ìnáwó tí mo ti jẹun nínú wọn láti kékeré, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn èyí ni nǹkan 14 tí òfin ní kí a lè sọ bóyá wọ́n wà nínú oúnjẹ, nítorí àwọn tí ara wọn kò gbà wọ́n: ẹ̀pà, ẹyin, wàrà, ẹja àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Edé wà lára wọn, edé tí a ń dà sí ẹ̀gúsí láìronú. Músítáàdì náà wà lára wọn, ó sì lè wà nínú kọ́rì. Sélérì ńkọ́, ó lè fara pamọ́ sínú mágí. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ èyí ni mo ti ń ka ara páálí mágí bí ẹni ń ka ìwé ìhágún.

Ẹnìkan nínú wa dá àbá pé kí a ṣe bíi ti Detroit. Ní ìlú yẹn, ní ìpínlẹ̀ Michigan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Detroit SOUP ní ọdún 2010: dọ́là 5 ni èèyàn fi ń wọlé nígbà náà, á rí ọbẹ̀, sàláàdì àti búrẹ́dì, á sì ní ìbò kan. Ènìyàn mẹ́rin á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún àdúgbò wọn, ìṣẹ́jú mẹ́rin ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwọn èrò á bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin, wọ́n á jẹun, wọ́n á dìbò, ẹni tó bá wọlé ni yóò gbé gbogbo owó alẹ́ ọjọ́ náà lọ. A dán an wò lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tí a ti parí ti ẹ̀rọ. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ní ìlú ńlá, ẹni tí kò wọlé ṣì lè pàdé ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ lórí tábìlì mìíràn, ó sì ti jèrè. Ní àdúgbò tí kò ju òpópónà mẹ́fà lọ, ìyá tó bẹ̀bẹ̀ fún ọgbà àwọn arúgbó tí kò sì rí ìbò ju 11 lọ yóò pàdé àwọn tí kò dìbò fún un níbi bọ́ọ̀sì ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn mìíràn nínú wa ṣì fẹ́ ẹ, a ó sì tún jà á níyàn.

A pé pọ́n-ùn 2,350 ní oṣù kẹrin. Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ tuntun sí i ní oṣù karùn-ún, nígbà tí oòrùn ti yọ tí àwọn ọmọ ń bẹ̀ wá pé kí a ṣí fèrèsé. Wọ́n tàn án ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí gbogbo ènìyàn lè fọwọ́ kàn án, wọ́n sì pa á. Láti ìgbà náà, owó bọ́ọ̀sì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá kọ́ wọn ni a ń dáná fún.

Ẹnìkan ṣoṣo ni ètò àpòòwé yìí bí nínú tí mo mọ̀. Ẹ̀gbọ́n kan láti ìlú wa, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, fi pọ́n-ùn 100 sínú àpòòwé rẹ̀ ní oṣù kejì, ó sì ń retí kí n pe òun dìde. Nígbà tí mo kàn ka àròpọ̀ tí mo sì jókòó, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ṣé pé ẹ kò rí ohun tí mo ṣe ni?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. A kì í wo ẹni tó mú kí ni wá, sà.”

“Èmi kò bínú. Ṣùgbọ́n owó tí kò ní orúkọ, owó tó sọnù ni.”

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n nínú kọ̀rọ̀ yẹn, mo sọ ìtàn Gilmore fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n mi orí, wọ́n ní ìtàn náà dára, wọn kò sì tún wá mọ́. Ìyàwó wọn kò pa oṣù kan jẹ ṣá. Wọ́n máa ń tètè dé, wọ́n á bá wa bó iṣu, wọ́n á fi àpòòwé méjì sínú àpótí dípò ọ̀kan, mi ò sì béèrè rí. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí a tú àpótí, wọ́n á rọra yọ ike áísìkiriìmù kékeré kan láti inú báàgì wọn, wọ́n á wo ojú mi, èmi náà á sì mú ìgbakọ.